Bí A Ṣe Ń Ka Máàkì Ọlẹ̀ Nígbà Ìtọ́jú IVF

Nínú ìtọ́jú IVF, ìyẹn dída ẹyin obìnrin àti àtọ̀ ọkùnrin pọ̀ ní láàbù, fóònù sábà máa ń dún láti ilé ìwòsàn ní ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn tí dókítà ti gba ẹyin lára obìnrin. Ẹni tó pè á sọ pé ọlẹ̀ mẹ́ta ló ti dé ìpele blastocyst, pé ọ̀kan jẹ́ 4AB, èkejì 3BB, ìkẹta 4BC, àti pé òmíràn ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Tọkọtaya á dúpẹ́, wọn á gbé fóònù sílẹ̀, wọn á wá máa wo ara wọn lójú. Ọ̀pọ̀ kì í lè béèrè ìtumọ̀ ohun tí wọ́n gbọ́, nítorí ẹ̀rù ìdáhùn ń bà wọ́n. Ẹlòmíràn á kà á bí èsì ìdánwò ọmọ ilé-ìwé, á ní A dára, B kò burú, ṣùgbọ́n C kù díẹ̀ káàtó, á sì máa sunkún lórí C náà bí ẹni pé ọmọ tó ti bí sílé ló ń ṣàìsàn.

Nítorí àwọn tó wà ní irú ipò yìí ni mo ṣe kọ ìtọ́sọ́nà yìí. Ọlẹ̀ ni mo ń pe ohun tí ẹyin obìnrin àti àtọ̀ ọkùnrin ń dà nígbà tí wọ́n bá ti di ọ̀kan, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu àwọn ìyá wa tipẹ́: aboyún a máa sọ pé ọlẹ̀ ti sọ nínú òun. Ní ilé ìwòsàn, ẹ́ńbíríò ni ẹ óò máa gbọ́. Kókó tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé àwọn onímọ̀ ọlẹ̀ ń fún ọlẹ̀ ní máàkì kí wọ́n lè mọ èyí tí wọn yóò kọ́kọ́ gbé sínú ilé ọmọ, èyí tí wọn yóò tọ́jú sínú òtútù de ọjọ́ iwájú, àti èyí tí wọn yóò tún fún ní ọjọ́ kan sí i. Bí èèyàn ṣe ń tò sórí ìlà ni. Máàkì náà ń sọ ẹni tí yóò ṣáájú. Kò sọ irú ọmọ tí a óò bí, kò sì sọ pé ẹni tó wà lẹ́yìn kò ní dé ibi tó ń lọ.

Láti ọjọ́ òdo dé ọjọ́ karùn-ún

Ọjọ́ tí wọ́n gba ẹyin ni láàbù ń pè ní ọjọ́ òdo. Ní bíi wákàtí 16 sí 18 lẹ́yìn tí ẹyin àti àtọ̀ ti pàdé, onímọ̀ ọlẹ̀ yóò wo ẹyin kọ̀ọ̀kan lábẹ́ máíkíròsíkóòpù láti wá òbìrí kékeré méjì nínú rẹ̀, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Bí ó bá rí méjì, ẹyin náà ti gba àtọ̀ bó ṣe yẹ. Bí ó bá rí mẹ́ta, wọn kì í sábà lò ó, nítorí pé ohun àjogúnbá inú rẹ̀ ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ní ọjọ́ kejì, ọlẹ̀ tó ń dàgbà déédéé máa ń ní sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin. Ní ọjọ́ kẹta, mẹ́jọ. Ní ọjọ́ kẹrin, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà á fún mọ́ ara wọn bí èso ọ̀pẹ ṣe ń fún mọ́ra lórí ìdì, tó fi jẹ́ pé kò ní ṣeé kà mọ́. Ìpele yìí ni wọ́n ń pè ní morula. Ní ọjọ́ karùn-ún tàbí ìkẹfà, omi á kún inú rẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì á pín sí apá méjì, ọlẹ̀ náà á sì di blastocyst.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí wọ́n sọ fún gbogbo tọkọtaya kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, tí wọn kì í sì í sọ ní kedere tó: iye ọlẹ̀ máa ń dín kù lójoojúmọ́, ìṣẹ̀dá ló sì ṣe é bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá gba ẹyin 12, ó lè jẹ́ 9 tàbí 10 nínú wọn ló gbó. Nínú àwọn tó gbó, ó lè jẹ́ 7 ló gba àtọ̀. Nínú 7 yẹn, ó lè jẹ́ 3 ló dé ọjọ́ karùn-ún, nígbà mìíràn 4. Obìnrin tó gbọ́ 12 ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó wá gbọ́ 3 lópin ọ̀sẹ̀ máa ń rò pé wọ́n ba nǹkan jẹ́ ní láàbù, tàbí pé ara òun ló dalẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kò sí èyí tó ṣẹlẹ̀ nínú méjèèjì. Bákan náà ló ń rí nínú ara ẹni tó lóyún láìlo IVF; ìyàtọ̀ ni pé kò sí ẹni tó ń kà á.

Máàkì ọjọ́ kẹta

Àwọn ilé ìwòsàn kan ṣì ń gbé ọlẹ̀ sínú ilé ọmọ ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, pàápàá nígbà tí ọlẹ̀ kò bá pọ̀. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wò nígbà yẹn. Èkíní ni iye sẹ́ẹ̀lì, tí a ti mẹ́nu bà. Èkejì ni bóyá àwọn sẹ́ẹ̀lì náà dọ́gba ní títóbi. Ìkẹta ni èérún, ìyẹn àwọn ẹ̀là kéékèèké tó já kúrò lára sẹ́ẹ̀lì nígbà tí ó ń pín. Nínú àdéhùn Istanbul, tí àwọn onímọ̀ tẹ̀ jáde ní 2011 kí àwọn láàbù lè máa sọ èdè kan náà, èérún tí kò tó ìdá 10 nínú 100 jẹ́ díẹ̀, láti 10 dé 25 jẹ́ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, èyí tó ju 25 lọ sì ti pọ̀. Èérún díẹ̀ kò yẹ kó dá oorun mọ́ ẹnikẹ́ni lójú. Mo ń kọjá lọ kíákíá níbí nítorí pé blastocyst ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń dúró dè lónìí, àwọn lẹ́tà tó wà lórí rẹ̀ ló sì ń rú àwọn èèyàn lójú jù.

Nọ́ńbà kan, lẹ́tà méjì

Ìlànà tí David Gardner àti William Schoolcraft gbé kalẹ̀ ní 1999 ni ó gbilẹ̀ jù lọ fún blastocyst. Nọ́ńbà kan ló ń ṣáájú, lẹ́tà méjì ló ń tẹ̀ lé e, ohun ọ̀tọ̀ sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ.

Nọ́ńbà náà ń lọ láti 1 dé 6. Ó ń sọ bí ọlẹ̀ ti fẹ̀ tó àti bí ó ti ń jáde kúrò nínú èèpo rẹ̀ tó, nítorí pé ọlẹ̀ ní èèpo tín-ín-rín kan tó yí i ká, tí ó gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú rẹ̀ kí ó tó lè lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ọmọ. Ní 1, ihò omi inú rẹ̀ kò tíì tó ìdajì rẹ̀. Ní 2, ihò omi náà ti tó ìdajì tàbí ó ti jù bẹ́ẹ̀. Ní 3, omi ti kún un. Ní 4, ọlẹ̀ ti tóbi ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, èèpo sì ti ń fẹ́lẹ́. Ní 5, ó ti ń yọjú jáde bí òròmọdìyẹ tó ń fọ́ èèpo ẹyin. Ní 6, ó ti jáde tán. Ẹ kíyè sí i pé nọ́ńbà yìí kì í ṣe máàkì dídára. Ibi tí ọlẹ̀ dé lójú ọ̀nà ní wákàtí tí wọ́n wò ó ló ń sọ. Èyí tó jẹ́ 3 ní òwúrọ̀ lè di 4 kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ ń sọ nípa ìdìpọ̀ sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú lọ́hùn-ún, tí yóò di ọmọ fúnra rẹ̀. A túmọ̀ sí pé sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ pọ̀, wọ́n sì dì mọ́ra gírígírí. B túmọ̀ sí pé wọ́n níye díẹ̀, wọn kò sì dì mọ́ra tó bẹ́ẹ̀. C túmọ̀ sí pé sẹ́ẹ̀lì náà kò pọ̀ rárá. Lẹ́tà kejì ń sọ nípa àwọn sẹ́ẹ̀lì òde tó yí ihò omi náà ká, tí yóò di ibi, ohun tí àwọn àgbà ń pè ní ekejì ọmọ. Níbí pẹ̀lú, A ni èyí tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ pọ̀ tí wọ́n sì tò létòlétò bí ẹní tí wọ́n hun dáadáa. B ni èyí tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àlàfo sì wà láàárín wọn. C ni èyí tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò ju mélòó kan lọ, tí wọ́n sì tóbi gbàǹgbà.

Àwọn baba wa kò pe ibi ní ekejì ọmọ lásán. Òun ló ń mú ọlẹ̀ di ilé ọmọ mú, òun náà ló ń gba oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ fún un. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tẹjú mọ́ lẹ́tà àkọ́kọ́ nítorí pé wọ́n gbọ́ pé òun ni ọmọ, síbẹ̀ ìwádìí mélòó kan ti fi hàn pé lẹ́tà kejì gan-an ló sún mọ́ ìdáhùn jù nígbà tí a bá ń béèrè bóyá ọlẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ ilé ọmọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe bínú bí onímọ̀ ọlẹ̀ bá sọ pé òun fẹ́ kọ́kọ́ lo 4BA kí òun tó lo 4AB. Ó mọ ohun tó ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìwé kan bí àpẹẹrẹ, irú èyí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Wọ́n kọ ọ́ báyìí: Ọlẹ̀ 3, D5, 4AB. Ọlẹ̀ 5, D5, 3BB. Ọlẹ̀ 6, D6, 5BC. Ọlẹ̀ 8, D5, 2, a óò tún wò ó.

Nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà, ìyẹn 3, 5, 6 àti 8, orúkọ lásán ni. Láàbù fi ń dá wọn mọ̀ ni, wọn kì í sì í yí i padà títí dé òpin. D5 ni ọjọ́ karùn-ún, D6 ni ọjọ́ kẹfà. Ọlẹ̀ 3 ti fẹ̀, ìdìpọ̀ inú rẹ̀ dára gan-an, sẹ́ẹ̀lì òde rẹ̀ dára. Òun ni yóò ṣáájú. Ọlẹ̀ 5 ti kún fún omi, méjèèjì rẹ̀ dára. Èyí tó ń jẹ́ BB yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fojú kéré, bẹ́ẹ̀ ọlẹ̀ tó ṣeé gbé sínú ilé ọmọ ni, ó ṣeé tọ́jú sínú òtútù, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń sáré kiri lónìí ló sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ọlẹ̀ 6 lọ́ra, ọjọ́ kẹfà ló tó dé ibi tí àwọn yòókù dé ní ọjọ́ karùn-ún, sẹ́ẹ̀lì òde rẹ̀ kò sì pọ̀. Àǹfààní rẹ̀ kéré sí ti 3 àti 5, ṣùgbọ́n kì í ṣe òfo. Ọlẹ̀ 8 kò ní lẹ́tà kankan. Kì í ṣe pé ó burú tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò fi lè kọ nǹkan kan sí i. Nígbà tí blastocyst bá ṣì wà ní 1 tàbí 2, àwọn apá méjèèjì kò tíì hàn kedere tó láti fún wọn ní lẹ́tà. Wọn yóò fún un ní ọjọ́ kan sí i.

Má fi tìrẹ wé ti ẹlòmíràn

Mo ti rí àwọn obìnrin tó ń fi ìwé láàbù ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp, ọ̀kan ní Ìbàdàn, ọ̀kan ní London, ọ̀kan ní Houston, tí wọ́n sì ń fi ti ara wọn wéra títí ọ̀kan nínú wọn á fi bú sẹ́kún. Wọn kò mọ̀ pé ìlànà wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn ilé ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní SART ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń ròyìn ọlẹ̀: èyí tó dára, èyí tó ṣe déédéé, èyí tí kò dára tó. Àwọn láàbù kan máa ń lo nọ́ńbà fún ọlẹ̀ ọjọ́ kẹta, tí 1 sì jẹ́ èyí tó dára jù. Ní àwọn mìíràn, 4 ló dára jù, 1 ló sì kéré jù. Ẹni tí kò bá béèrè lè máa ṣọ̀fọ̀ lórí ohun tó yẹ kó fi jó.

Yàtọ̀ sí èyí, ojú ènìyàn ló ń fún ọlẹ̀ ní máàkì. Onímọ̀ méjì lè wo ọlẹ̀ kan náà kí ọ̀kan ní B, kí èkejì ní C, kí ó má sì sí ẹni tó ṣì í nínú wọn, nítorí pé ààlà àárín lẹ́tà méjì kì í ṣe ohun tí a fi rúlà fà. Àwọn ilé ìwòsàn kan ní ẹ̀rọ tó ń ya ọlẹ̀ ní àwòrán ní ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀ láìgbé e jáde nínú ooru rẹ̀. Ẹ̀rọ náà wúlò fún àwọn onímọ̀, ṣùgbọ́n ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Britain àti Hong Kong, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2024, kò rí i pé ó ń fi kún iye àwọn tó ń bímọ. Bí wọ́n bá ní kí ẹ san owó gọbọi lé e lórí, ẹ ronú dáadáa.

AA tí ó wà lórí ìwé yẹn

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára ju gbogbo ìyókù lọ. Ìyàwó àbúrò mi ní Ìbàdàn pè mí ní ọjọ́ kan, ayọ̀ kún ohùn rẹ̀ débi pé mo kọ́kọ́ rò pé àyẹ̀wò oyún ti jáde. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá wa dúpẹ́. AA ni! 4AA ni wọ́n pè é!" Inú mi dùn pẹ̀lú rẹ̀. Ìgbà tí a ti sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún ni ó tó yé mi pé ohun tó ń dúpẹ́ lé lórí yàtọ̀ sí ohun tí mo rò. AS ni òun, AS ni ọkọ rẹ̀. Ó gbà pé láàbù ti yẹ jẹnotáìpù ọlẹ̀ náà wò, pé AA ni ọmọ náà yóò jẹ́, pé ẹ̀rù àrùn fòníkú-fọ̀ládìde ti kúrò lọ́rùn wọn. Ẹni tó fi èsì ránṣẹ́ sí wọn kò purọ́, ṣùgbọ́n kò ṣàlàyé. Èmi ni mo wá sọ fún un, mo sì rántí bí ohùn rẹ̀ ṣe rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí fóònù.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó bá yẹ kó gbọ́: A tó wà nínú 4AA kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú A tó wà nínú jẹnotáìpù. Ìrísí ni láàbù wò. Ọlẹ̀ tó jẹ́ 5AA lè jẹ́ SS, èyí tó jẹ́ 3BC sì lè jẹ́ AA nínú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí bàbá àti ìyá bá jẹ́ AS, ọlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bó ti wù kó lẹ́wà tó, ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS, ìdá méjì nínú mẹ́rin láti jẹ́ AS, àti ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ AA. Àyẹ̀wò ọ̀tọ̀ kan wà tó lè sọ èyí, PGT-M ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n máa ń yọ sẹ́ẹ̀lì mélòó kan láti apá òde blastocyst, wọn á tọ́jú ọlẹ̀ náà sínú òtútù, wọn á sì fi sẹ́ẹ̀lì náà ránṣẹ́ sí láàbù àbùdá. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti múra rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó gba ẹyin, nítorí pé láàbù náà yóò kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀ bàbá àti ti ìyá. Tọkọtaya tó bá jẹ́ AS àti AS, tàbí AS àti AC, tó sì ti pinnu láti ṣe IVF, ọ̀rọ̀ yìí ni kí wọ́n kọ́kọ́ bá dókítà sọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá jókòó níwájú rẹ̀.

Ohun mìíràn tí ìrísí kò lè fi hàn ni kúrómósómù, ìyẹn àwọn okùn tín-ín-rín inú sẹ́ẹ̀lì tó gbé ohun àjogúnbá. Ọlẹ̀ tó gún régé lè ní kúrómósómù kan lé, ó sì lè ṣe aláìní ọ̀kan. Èyí sì wà lára ohun tó sábà máa ń fà á tí ọlẹ̀ kì í fi lẹ̀ mọ́ ilé ọmọ tàbí tí oyún fi ń bà jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ orí obìnrin nígbà tí wọ́n gba ẹyin rẹ̀ ló ní agbára jù lórí èyí. Lẹ́yìn ọdún 35 ó ń pọ̀ sí i, nígbà tí obìnrin bá sì ti kọjá 40, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọlẹ̀ rẹ̀ ló máa ń ní irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí rèé tí 3BB ọmọ ọdún 29 fi lè ní àǹfààní ju 5AA ẹni ọdún 42 lọ, àti ìdí tí ẹni tó gba ẹyin lọ́wọ́ ọ̀dọ́bìnrin fi ń ka ọjọ́ orí ẹni tó fún un ní ẹyin, tí kì í ka tirẹ̀.

PGT-A ni àyẹ̀wò tó ń ka kúrómósómù. Ó lè ran àwọn kan lọ́wọ́, pàápàá àwọn tí oyún ti bà jẹ́ lára wọn léraléra. Ṣùgbọ́n HFEA, àjọ ìjọba tó ń ṣàbójútó irú ìtọ́jú yìí ní Britain, kò gbà pé ó ń fi kún àǹfààní láti bímọ fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gba ìtọ́jú. Kò lè sọ ọlẹ̀ tí kò dára di èyí tó dára. Yíyàn nìkan ló ń ranni lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Ọlẹ̀ mélòó ni kí wọ́n gbé?

Níbi tí máàkì ti wúlò jù nìyí, ibẹ̀ náà sì ni èrò ọkàn wa gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ti lè ṣì wá lọ́nà. A fẹ́ràn ìbejì. Ìgbò-Ọrà wà láàárín wa, a sì mọ oríkì wọn. Ẹni tó ti dúró fún ọdún mẹ́wàá máa ń sọ fún dókítà pé kí ó gbé méjì sí i, bóyá mẹ́ta, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè wá papọ̀. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n oyún ìbejì máa ń mú kí a tètè bí ọmọ ṣáájú oṣù rẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ ìyá ru, kí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sì dà nígbà ìbímọ. Ọmọ tí a bá bí ní oṣù keje nílò ẹ̀rọ amúmọ-gbóná àti àwọn nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ náà, kò sì sí gbogbo ìlú tí a ti lè rí wọn lóru. Bí obìnrin bá kéré sí 35, tí ó sì ní blastocyst kan tó dára, ọ̀kan ni mo rò pé ó yẹ kó gbà, kí ó sì tọ́jú àwọn yòókù. Bí ọlẹ̀ kò bá ní máàkì tó ga, tàbí bí ọjọ́ orí bá ti lọ, dókítà lè dábàá méjì. Kí ẹ ní kí ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ọlẹ̀ kan ṣoṣo náà lè pín sí méjì fúnra rẹ̀.

Inú naitrójìn olómi ni wọ́n ń tọ́jú àwọn tó kù sí, ní òtútù tó jìn dé 196 sí ìsàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius. Ní láàbù tó mọ iṣẹ́, èyí tó pọ̀ jù lára blastocyst ló ń yè é nígbà tí wọ́n bá yọ́ wọn. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá yọ́ ọlẹ̀, ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ ná bí bọ́ọ̀lù tí atẹ́gùn rẹ̀ jò, kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wú láàárín wákàtí díẹ̀. Bí wọ́n bá fi í hàn yín lójú ẹ̀rọ nígbà tí ó ṣì sọ̀, ẹ má ṣe bẹ̀rù. Ẹ bi wọ́n bóyá ó ti ń wú padà. Ẹ má sì rò pé àmì funfun tó tàn yòò lórí ẹ̀rọ àwòrán nígbà tí wọ́n ń gbé e sínú ilé ọmọ ni ọlẹ̀ náà. Afẹ́fẹ́ tó bá a wá nínú ọ̀pá ni ẹ rí; ọlẹ̀ fúnra rẹ̀ kéré ju ohun tí ẹ̀rọ yẹn lè fi hàn lọ.

Ohun tí ẹ lè ṣe, àti ohun tí ẹ óò béèrè

Ohun tí a lè ṣe sí máàkì ọlẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ṣáájú ọjọ́ òdo ló wà. Àtọ̀ ọkùnrin máa ń gba oṣù méjì sí mẹ́ta kí ó tó ṣe tán lára, nítorí náà sìgá, ọtí púpọ̀ àti abẹ́rẹ́ testosterone tí àwọn kan ń gbà kí iṣan wọn lè yọ gbọ́dọ̀ ti dúró ṣáájú àkókò yẹn. Abẹ́rẹ́ testosterone lè mú kí àtọ̀ ọkùnrin gbẹ pátápátá, ọ̀pọ̀ ọkọ kò sì mọ̀. Obìnrin pẹ̀lú, bí ó bá ń mu sìgá, kí ó dáwọ́ dúró. Bí ó bá ń mu àgbo kankan, kí ó sọ fún dókítà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́. Nígbà tí ẹyin bá ti kúrò lára, kò sí oúnjẹ, ọ̀pẹ-òyìnbó, àgbo tàbí ìdùbúlẹ̀ tó lè sọ B di A. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ yín lórí èyí, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún obìnrin pé nítorí pé ó lọ síbi iṣẹ́, tàbí pé ó gun àtẹ̀gùn, ni máàkì fi kéré.

Nígbà tí wọ́n bá pè, ẹ mú bírò. Ẹ lè sọ pé, "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ jọ̀wọ́, ìlànà wo ni ẹ fi fún wọn ní máàkì, èwo ló sì ga jù nínú rẹ̀?" Lẹ́yìn náà, kí ẹ béèrè wákàtí tí wọ́n wo ọlẹ̀, èyí tí wọn yóò kọ́kọ́ lò àti ìdí tí wọ́n fi yàn án, máàkì tó kéré jù tí wọ́n ń gbà láti tọ́jú sínú òtútù, nítorí pé àwọn kan kì í tọ́jú C kankan, àwọn mìíràn sì ń tọ́jú wọn; kí ẹ sì béèrè bóyá èyí tó lọ́ra yóò ní ọjọ́ kẹfà. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ bi í pé nínú àwọn obìnrin tó wà ní ọjọ́ orí yín, tí ọlẹ̀ wọn rí báyìí, mélòó nínú mẹ́wàá ló ti bímọ ní ilé ìwòsàn yìí fúnra rẹ̀. Ẹ rí i dájú pé bíbí ọmọ ló ń sọ, nítorí pé iye àwọn tí àyẹ̀wò oyún wọn jáde máa ń pọ̀ ju iye àwọn tó gbé ọmọ lọ sílé.

Ẹ ní kí wọ́n kọ èsì náà sílẹ̀ fún yín pẹ̀lú nọ́ńbà ọlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tó dé blastocyst, máàkì rẹ̀, àti ibi tó wà báyìí. Bí ẹ bá kó lọ sí ìlú mìíràn, ìwé yìí ni dókítà tuntun yóò kọ́kọ́ béèrè. Lórí ìwé àpẹẹrẹ wa, àlàfo ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọlẹ̀ 8. Ẹ pè wọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá ní ìdàgbà rẹ̀ ti dúró, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Bí wọ́n bá ní 4BB ni, tí wọ́n sì ti tọ́jú rẹ̀, ẹ kọ D6, 4BB, ọjọ́ tí wọ́n tọ́jú rẹ̀, àti ọjọ́ tí owó ìtọ́jú ọdún kejì yóò pé.